Ìtànṣán Fún Ojú Kan, Abẹ Fún Èkejì

Aránṣọ ni ìyá mi, ní Ẹdẹ. Lásìkò tí mò ń sọ yìí, àwọn ológun ló ń ṣèjọba, náírà ti já wálẹ̀, ẹni tó sì máa ń dá aṣọ méjì mẹ́ta lọ́dún kò rí ẹyọ kan dá mọ́. Iṣẹ́ tó wá kún ìsọ̀ ìyá mi nígbà náà ni àtúnrán. Bí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì bá ti já, yóò tú u, yóò yí ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú, yóò tún un rán mọ́ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì, olúwa rẹ̀ yóò sì wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba aṣọ tuntun. Yóò sọ ṣòkòtò bàbá di ti ọmọ. Yóò sọ kọ́tìnì di búláòsì. Àwọn tíṣà àti akọ̀wé tí wọn kì í rówó oṣù gbà déédéé ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà rẹ̀, kò sì sí èyí tó jáde ní ìsọ̀ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè wò kó mọ̀ pé nǹkan kò rọgbọ fún un.

Èmi náà wà lára àwọn tíṣà wọ̀nyẹn. Ìlú Awo ni mo ti ń kọ́ni, mo máa ń wálé lọ́jọ́ Ẹtì. Èmi ni àkọ́bí ìyá mi, èmi ló sì máa ń bá a lọ bó bá ń lọ síbi tó jìnnà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ fi ṣojú mi láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ náà kò dà bí ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn. Ìyá mi ń fi òwú sí abẹ́rẹ́ láìlo awò ojú. Ó ń ka Bíbélì tí lẹ́tà rẹ̀ wẹ́ bí ẹyin èèrà. Ṣùgbọ́n ó máa ń fi èjìká gbá férémù ìlẹ̀kùn. Ó máa ń ta gáálọ̀nù omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà nípàá. Bí ènìyàn bá gba apá ọ̀tún yọ sí i, á ta gìrì bíi pé ilẹ̀ ni ẹni náà ti hù jáde. Bàbá mi, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ojú irin, máa ń sọ pé ìkánjú ló ń ṣe é, pé ọkàn rẹ̀ máa ń ti dé ìsọ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kúrò nílé. Gbogbo wa gbà bẹ́ẹ̀.

Ó wá di ọjọ́ kan, ó ń sọdá títì nítòsí ibùdókọ̀, alùpùpù kan gba apá ọ̀tún bọ̀. Ẹni tó gùn ún yà bàrà, ó ṣubú sínú gọ́tà. Ìyá mi náà ṣubú lé orúnkún. Nígbà tí wọ́n gbé àwọn méjèèjì dìde, ọlọ́kadà náà ń sọ fún àwọn tó dúró yí wọn ká pé màmá yìí kọjú sí òun, ó sì tún ń bọ̀ wá bá òun. Ìyá mi ní òun kò rí i rárá. Àwọn ènìyàn bẹ ọlọ́kadà, wọ́n bẹ ìyá mi, oníkálùkù sì bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo wálé lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, mo bá a lórí àga ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, bándéèjì wà lórúnkún rẹ̀, kò sì ránṣọ. Ó ní kí n ti ìlẹ̀kùn ìsọ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì rẹ̀, ó ní kí n lọ dúró sẹ́yìn òun, kí n wá máa rìn díẹ̀díẹ̀ gba apá ọ̀tún bọ̀ síwájú, òun yóò sọ fún mi bí òun bá ti rí mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Mo kọjá èjìká rẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Mo kọjá ibi tí ọwọ́ rẹ̀ nà dé, kò sọ̀rọ̀. Ó kù díẹ̀ kí n bọ́ síwájú rẹ̀ gan-an kó tó sọ pé, "Mo ti rí ọ."

A ṣe ti ojú òsì. Ìyẹn sàn jù, ṣùgbọ́n kò pé.

Ìyá mi kò sunkún. Ó ká ọwọ́ lé tábìlì ẹ̀rọ, ó ní, "Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún Bọ̀ọ̀dá nìyí."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ àgbẹ̀ ní ìlú Ara ló ń pè ní Bọ̀ọ̀dá. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́, kò sì tíì dàgbà tó ẹni tí ojú ń fọ́. Nínú ẹbí wa, àlàyé tí wọ́n máa ń ṣe ni pé òun àti ọkùnrin kan tí oko wọn pààlà jà lórí ilẹ̀, àti pé ọkùnrin náà ló ju nǹkan sí i lójú. Wọn kì í sọ ọ́ sókè. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa tó ń kí ọkùnrin yẹn tọkàntọkàn.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti ìyá mi wọkọ̀ lọ sí Ara. A bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀dẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó mọ ìró ẹsẹ̀ ìyá mi kó tó kí i. Ìyá mi jókòó tì í, ó bu ẹ̀gúsí sórí itan ara rẹ̀, òun náà ń bó o, ó wá ní kó sọ fún òun bí ojú rẹ̀ ṣe lọ, láìfi ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni kún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ẹ̀gúsí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kò sí ẹni tó bi òun ní ìbéèrè yẹn rí. Pé àwọn ènìyàn máa ń wá sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún òun ni. Ó wá ròyìn rẹ̀. Ó ní lóko ni òun ti kọ́kọ́ fura, pé òun á máa kọ ebè, ẹni tó bá ń kọjá á ní òun ti fo apá kan. Nígbà tó yá, ó dà bí ẹni ń wo ayé láti inú páìpù. Páìpù náà wá ń fún mọ́ra, ó ń fún mọ́ra.

"Kò dùn mí rí," ni ó wí. "Ìyẹn ló tàn mí. Mo ń retí kó dùn mí kí n tó lọ sí ọsibítù. Kò dùn mí títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìwọ má retí ìrora o."

Ìyá mi gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára ìró rẹ̀. A padà wọ Ẹdẹ. Nígbà náà ló sọ pé òun ń lọ sí Òṣogbo lọ́jọ́ Ajé, ìsọ̀ yóò wà ní títì.

Ní Òṣogbo ni wọ́n ti sọ orúkọ rẹ̀ fún wa, gilákómà. Dókítà tó rí i níbẹ̀ ní omi kan wà tí inú ojú ń pèsè fún ara rẹ̀, pé ó ní ibi tó ń gbà jò lọ. Pé ti ìyá mi kò jò lọ dáadáa mọ́, omi sì ń fún iṣan ẹ̀yìn ojú pa. Ó fún un ní oògùn kíkán, ó sì júwe ilé ìwòsàn ńlá kan fún wa ní Ìbàdàn.

Oògùn kíkán yẹn fi ojú ìyá mi rí nǹkan. Bó bá ti kán an, ayé á ṣú, egungun òkè ojú á máa dùn ún, kò ní lè ránṣọ títí ọ̀sán. Ó ń kán an bẹ́ẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé oògùn náà kì í sí. Gbogbo ọjà tó ń ti òkè òkun bọ̀ ló ti wọ́n. Mo wá a dé Òṣogbo, mo wá a dé Ifẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kan á ní ó ti tán, òmíràn á gbé èyí tí oòrùn ti pa fún mi. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé ìgò á gbẹ, a ò ní rí òmíràn, ìyá mi á sì jókòó sí ìdí ẹ̀rọ rẹ̀, ó mọ̀ pé ojú òun ń lọ.

Àwa tíṣà daṣẹ́ sílẹ̀ ní sáà yẹn, ìyẹn ló jẹ́ kí n lè bá a lọ sí Ìbàdàn. A wọkọ̀ lọ sí oríta Sekona ní ìdájí, a sì wọ mọ́tò Ìbàdàn níbẹ̀. Dókítà tó gbà wá jẹ́ obìnrin, ó kéré sí ìyá mi lọ́jọ́ orí, ọmọ Ìbàdàn ni, a sì mọ̀ ọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó yẹ ojú ìyá mi wò pẹ́. Ó ní ojú ọ̀tún ti bàjẹ́ gan-an, pé èyí tó kù níbẹ̀ kò pọ̀. Òsì ṣì ní ohun tí a lè dá sí. Ó wá sọ pé èyí tó ti lọ kò ní padà wá, ohunkóhun tí wọn ì báà ṣe. Ìyá mi ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ ìyá mi. Ó ní ọ̀nà méjì ló wà yàtọ̀ sí oògùn kíkán. Ọ̀kan jẹ́ ìtànṣán tí wọ́n ń pè ní lésà, ẹ̀rọ rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ibi tí omi ojú ń gbà jò dà bí asẹ́. Ìtànṣán náà á ta sí ara asẹ́ yẹn níbi púpọ̀, asẹ́ á fà, ojú ihò rẹ̀ á là díẹ̀. Wọn kì í gé nǹkan kan, kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn sùn sí ọsibítù. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń ṣe fún ẹnìkan, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn, àti pé bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, agbára rẹ̀ lè rẹ̀. Ọ̀nà kejì ni iṣẹ́ abẹ. Wọ́n á la ìlẹ̀kùn kékeré kan sí ara ojú, lábẹ́ ìpéǹpéjú òkè, kí omi lè máa gba ibẹ̀ jáde. Ìyẹn máa ń mú kí ojú rọ̀ ju ti ìtànṣán lọ, ó sì máa ń pẹ́ jù ú. Ṣùgbọ́n ènìyàn á sùn sí ọsibítù, ojú lè ṣẹ̀jẹ̀, kòkòrò lè wọ̀ ọ́, omi sì lè máa jáde ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìyá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Dókítà, èwo nínú wọn ló máa jẹ́ kí n gbàgbé pé ojú ń ṣe mí?"

Dókítà náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní kò sí. Ó ní èyíówù kí wọ́n ṣe, ìyá mi á máa wá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò títí ayé rẹ̀. "Ṣùgbọ́n Màmá, bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ èyí tí kò ní máa lé yín kiri wá oògùn, abẹ súnmọ́ ọn ju ìtànṣán lọ. Ìyẹn bó bá yọrí sí rere."

Ìmọ̀ràn tó dá ni pé kí wọ́n fi ìtànṣán wo ojú òsì, torí pé ìyẹn kò tíì bàjẹ́ púpọ̀, wọn kò sì fẹ́ fọwọ́ líle kàn án. Ọ̀tún ni kí wọ́n gé, torí pé ìwọ̀nba omi tí ìtànṣán lè bá a dínkù kò lè tó o. Òsì ni wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ ṣe, nítorí ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ìgbà tí yóò dúró.

Nígbà tí a délé, bàbá mi gba ti ìtànṣán wọlé, ó sì kọ ti abẹ. Ó ní ọkùnrin kan wà tí àwọn jọ ṣiṣẹ́ ojú irin, wọ́n gé ojú rẹ̀, ojú náà sì wọ inú lọ bí àgbálùmọ̀ tó gbẹ. Ó ní ìyá mi kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irin kan ojú rẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó máa ń pariwo. Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, a sì mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà á. Ìyá mi jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Bàbá," ni ó wí, "ojú tí ẹ ń bẹ̀rù kí wọ́n má bà jẹ́ yẹn, ó ń bàjẹ́ lọ bí a ṣe jókòó yìí. Ẹ jẹ́ kí n mú un lọ fún ẹni tó lè dá a dúró. Bí kò bá dúró, á jẹ́ pé mo gbìyànjú. Bọ̀ọ̀dá kò rí ìgbà gbìyànjú."

 Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá mi gbé báàgì tó máa ń gbé rìnrìn àjò nígbà iṣẹ́ ojú irin sílẹ̀ lórí tábìlì, ó ti nù ún, ó ti fi kírímù pa awọ rẹ̀. Ohun tó fi dáhùn nìyẹn.

Lọ́jọ́ ìtànṣán, a jókòó pẹ́. Ẹ̀rọ náà ń fẹ́ iná, ó sì ń fẹ́ omi tí yóò máa tù ú lára, àwọn méjèèjì kì í sì í wà pọ̀ lásìkò yẹn. Nígbà tí wọ́n pé, wọ́n mú ìyá mi wọ yàrá tó ṣókùnkùn, wọ́n jẹ́ kí n dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé àgbọ̀n lé irin, wọ́n fi dígí kékeré kan lé e lójú. Iṣẹ́ ti ń lọ lọ́wọ́, ni iná bá lọ. Dókítà ní kó sinmi, kó gbé orí kúrò. Ìyá mi ní rárá o, pé ibi tí wọ́n gbé orí òun sí ti dára, òun á dúró síbẹ̀. Ó dúró síbẹ̀ nínú òkùnkùn, àgbọ̀n rẹ̀ wà lórí irin, títí wọ́n fi tan jẹnẹrétọ̀. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé bí mànàmáná ni, aláwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n tí ààrá kò tẹ̀lé.

A padà sílé lọ́jọ́ náà. Ní Sekona, ó ra àgbàdo sísè, ó jẹ ẹ́ nínú mọ́tò. Nígbà tó gbé báàgì rẹ̀ fúnra rẹ̀ wọlé, bàbá mi dìde lórí àga, ó ń wo ojú rẹ̀, ó ń wá ibi tí wọ́n fọwọ́ kàn. Kò rí nǹkan kan. Ó ní ṣé wọ́n ti ṣe é ni.

Ti abẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àkókò rẹ̀ tó, ilé ìwòsàn ní kí a ra ìbọ̀wọ́, ẹ̀gbọ̀n òwú, bándéèjì àti òwú tí wọ́n fi ń rán ojú wá fúnra wa, nítorí kò sí lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí ìyá mi rí òwú náà nínú páálí rẹ̀, kò lè mú ojú kúrò lára rẹ̀. Ó tín-ín-rín ju irun orí lọ. Ó bi dókítà bí wọ́n ṣe ń ta kókó rẹ̀ tí kì í já, dókítà náà sì fi okùn bàtà ṣe é hàn án. Mo jókòó ń wo àwọn méjèèjì, okùn bàtà wà láàrin wọn, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ aṣọ ẹlòmíràn ni wọ́n ń sọ.

Kò sùn rárá nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kí ó má baà mọ ìrora. Mo wà níta lórí bẹ́ńṣì, mo ń gbàdúrà tí mi ò rántí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tì í jáde, ó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ bándéèjì. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ fún òun, ṣùgbọ́n nígbà tí òun gbọ́ tí dókítà ní kí wọ́n gbé òwú wá, òun ti mọ̀ pé iṣẹ́ ti ń parí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tú bándéèjì, ẹ̀rín yẹn kúrò lẹ́nu wa. Kùrukùru lásán ló ń rí. Èyí tó kù díẹ̀ tí a wá dá sí, kò rí i. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní omi ń gba ẹnu ìlẹ̀kùn tuntun náà jáde jù, pé ojú ti rọ̀ ju bó ṣe yẹ. Ó ní kí ìyá mi fẹ̀yìn lélẹ̀, kó má bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó má gbé nǹkan, bí ikọ́ bá ń bọ̀ kó gbé e mì. Ó dì í padà. A bẹ̀rẹ̀ sí dúró.

Obìnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì ń sunkún fún ìyá mi. Èmi náà ń jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti lọ nu ojú. Ìyá mi fẹ̀yìn lélẹ̀ bí wọ́n ṣe ní kó ṣe é. Kò bi mí bóyá mo rò pé yóò dára. Ó ń ní kí n ka ìwé Sáàmù fún òun, bí mo bá sì kà á ní ìkánjú, á ní kí n padà.

Ó dára. Díẹ̀díẹ̀ ni kùrukùru náà ká, tí ó wá rí fèrèsé, tó wá rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ojú náà le bó ṣe yẹ kó le. Dókítà tẹ ìka mọ́ ọn jẹ́jẹ́, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì fọwọ́ lé èjìká ìyá mi.

Nígbà tí a padà dé Ẹdẹ, bàbá mi kò jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí pínnì bá bọ́ sílẹ̀ ní ìsọ̀, òun ló ń ṣà á. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo áyọ́ọ̀nù eléèédú, ó ń lọ aṣọ àwọn oníbàárà, kó má baà di pé ìyá mi ń dojú kọ ooru. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ fẹ̀yìn tì ń kọjá, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ń bá áyọ́ọ̀nù rẹ̀ lọ.

Ọdún ń lọ. Ojú ọ̀tún dúró síbi tó dúró. Kò padà sí bó ṣe wà, kò sì bàjẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì fẹ́ oògùn kankan. Òsì náà ṣe dáadáa, ó ń lo oògùn díẹ̀ bó bá rí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí a lọ fún àyẹ̀wò kan, wọ́n ní omi tún ti ń fún un. Dókítà wa obìnrin kò sí níbẹ̀ mọ́ nígbà náà. Ó ti lọ sí ilẹ̀ Lárúbáwá láti lọ ṣiṣẹ́, bí ọ̀pọ̀ dókítà ṣe ń lọ lásìkò yẹn. Ẹ̀rọ ìtànṣán wà nínú yàrá rẹ̀, wọ́n fi aṣọ bò ó. Nǹkan kan ló bàjẹ́ nínú rẹ̀, kò sì sí owó òkèèrè tí wọ́n lè fi ra òmíràn. Dókítà ọkùnrin tó bọ́ sí ipò obìnrin náà ní oògùn kíkán tó lágbára tàbí abẹ ló kù.

Kí n tó la ẹnu, ìyá mi ti ní abẹ ni.

Ẹ̀rù bà mí ju ti ìgbà àkọ́kọ́ lọ, nítorí òsì ni ojú tó fi ń jẹun. Mo rán an létí kùrukùru ọjọ́ sí. Ó dá mi lóhùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níwájú àwọn aláìsàn tó kù.

"Ara mi ni wọ́n ti ṣe méjèèjì. Ìtànṣán yẹn kò ṣe mí ní ibi, ó ṣe ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ mọ, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀tún ni mi ò gbọ́ ariwo rẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ kí òsì náà dákẹ́."

Wọ́n gé òsì. Ìlẹ̀kùn ti ìyẹn kò ṣí ju bó ṣe yẹ lọ. Kó tó pẹ́, ó ti padà sí ìdí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń tú kọ́là.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ni mo máa ń fi yangàn jù. Àwọn dókítà ti sọ fún un pé àrùn náà a máa bá ẹ̀jẹ̀ rìn. Ó ránṣẹ́ pe gbogbo ọmọ ìyá rẹ̀, àti àwọn ọmọ wọn tó ti dàgbà, sí ilé wa lọ́jọ́ Sátidé kan. Ó sanwó mọ́tò tó gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá láti Ara, ó gbé e jókòó sí àga bàbá mi, ó sì ní kó tún ìtàn páìpù náà sọ fún gbogbo ilé. Ó sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ fún wa lábẹ́ ẹ̀dẹ̀.  Ìyá mi wá sọ pé ẹni tó bá ti pé ogójì ọdún nínú wọn, òun àti rẹ̀ jọ ń lọ sí Òṣogbo. Ó sì bá wọn lọ, méjì méjì, mẹ́ta mẹ́ta. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń ṣòwò ní Ìwó ní in. Ṣùgbọ́n wọ́n bá a ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kò tíì pàdánù nǹkan kan. Ojú rẹ̀ là di òní. Èmi náà lọ. Mi ò tíì ní in, mo sì ń lọ lọ́dọọdún.

Nígbà tí ìpàdé yẹn parí, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní òun ní ọ̀rọ̀ kan. Ó ní ó ti hàn báyìí pé kò sí ẹni tó ju nǹkan sí òun lójú. Ó ní kí wọ́n mú òun lọ sílé ọkùnrin tí oko wọn pààlà. Ìyá mi ló fà á lọ́wọ́ lọ, ní ọjọ́ tí wọ́n gbé e padà sí Ara. Mo tẹ̀lé wọn. Ọkùnrin náà ti darúgbó, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ ohun tí a bá wá. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi sọ fún un pé òun ti gba èrò búburú kan nípa rẹ̀ láyè lọ́kàn fún ọdún púpọ̀, pé irọ́ ni, kó jọ̀ọ́ forí jì òun.  Bàbá náà fà á wọlé, ó ní kó wá jókòó.

Lẹ́yìn ìgbà náà, bí ìyá mi bá lọ fún àyẹ̀wò ní Ìbàdàn, dókítà máa ń ní kó bá àwọn tí ẹ̀rù abẹ ń bà sọ̀rọ̀. Mo rántí ọkùnrin kan láti Ìwó tó ti wọ bàtà rẹ̀ láti máa lọ sílé. Ìyá mi jókòó tì í, ó kí i, ó bi í léèrè iṣẹ́ àti ìdílé rẹ̀. Ó wá sọ fún un pé wọn kò ní dá èyí tó ti lọ padà fún un, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn án. Pé èyí tó kù ni kó wá ṣọ́. Ó jẹ́ kó wo abẹ́ ìpéǹpéjú òun, níbi tí ìlẹ̀kùn kékeré náà wà. Ọkùnrin náà bi í bóyá ó dùn.

"Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ dùn," ni ìyá mi wí. "Mi ò ní purọ́ fún yín."

 Ọkùnrin náà bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n ránṣẹ́ pe nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì tó wá bi mí bóyá ìyá mi ni màmá tó jókòó yìí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyá mi ni.